Òwe Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pa Rí

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejì ọdún 2024, mo kọ òwe kan sí ojú pátákó ní kíláàsì SS2 ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní Ìjẹ̀gùn. Òwe náà lọ báyìí: "Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ bá jinlẹ̀ kì í bẹ̀rù afẹ́fẹ́." Mo kà á sókè, àwọn ọmọ kà á tẹ̀ lé mi, wọ́n sì dà á kọ sínú ìwé wọn. Mo ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ ìgbà tí àgbàlagbà lè lò ó, mo tilẹ̀ fi kún un pé òwe ìkìlọ̀ ni fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ti lè fura. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ tún un kà, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá ẹ ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá tàbí bàbá yín.

Èmi náà kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Inú fóònù ni mo ti rí i.

Alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni. Láti àárọ̀ ni mo ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì: mo kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo jókòó sí ìsìn, mo dúró fún ìpàdé àwọn obìnrin. Nígbà tí n ó fi la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòtún kọjá dé ilé, ilẹ̀ ti ṣú, kò sì sí iná. Nóòtì ẹ̀kọ́ kíláàsì mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì igbákejì ọ̀gá àgbà kí agogo àárọ̀ tó lù. Ọmọ mi ọkùnrin ti bá mi fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní AI sórí fóònù, èyí tí ènìyàn ń bi ní ìbéèrè tí ó sì ń dáhùn bí ẹni pé ọ̀mọ̀wé kan ni ó jókòó sínú rẹ̀. Mo ní kí ó fún mi ní òwe mẹ́wàá tí ó yẹ fún SS2, pẹ̀lú ìtumọ̀ àti ìlò wọn. Kí n tó bu omi mu, ó ti kọ ọ́ tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo dúpẹ́ lóòótọ́. Mo gbé ojú sókè nínú òkùnkùn náà, mo sì yin Olúwa tí ó rán olùrànlọ́wọ́ sí mi.

Mẹ́sàn-án nínú àwọn òwe náà ni mo mọ̀. Ìkẹwàá ni n kò mọ̀. Ohun tí ó sì yẹ kí n jẹ́wọ́ ní kíákíá ni pé mo rí i pé n kò mọ̀ ọ́n. Ojú mi dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Nǹkan kan nínú mi sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dún bí òwe. Ṣùgbọ́n bátìrì fóònù ń lọ sílẹ̀, oorun sì ń kùn mí. Mo ní nínú ọkàn mi pé ta ni ó mọ òwe Yorùbá tán? Mo dà á kọ, mo sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ nóòtì náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ẹ má ṣe rò pé mo wà lára àwọn tí ń bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn ọdún 1990, ìbéèrè ìdánwò wa máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tẹ̀wé, ẹ̀rọ wọn kò sì mọ ẹ, ọ àti ṣ. Bírò ni a fi ń to àmì sábẹ́ lẹ́tà tí a sì fi ń kọ àmì ohùn sórí rẹ̀ kí a tó lọ ṣe ẹ̀dà. Ní ọdún kan, mo gbàgbé àmì orí "ọkọ" nínú ìbéèrè kan. Àwọn kan kọ nípa ọkọ́ tí a fi ń roko, àwọn mìíràn kọ nípa ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọmọbìnrin kan sì kọ ojú ewé méjì nípa irú ọkọ tí ó wù ú láti fẹ́. Mo fún gbogbo wọn ní máàkì. Lónìí, fóònù mi mọ ibi tí àmì ohùn wà ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lọ. Ní ọdún 2020 tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì pa, orí WhatsApp ni mo ti kọ́ni, orí fóònù kan náà ni a sì ti jùmọ̀ gbàdúrà. Inú rẹ̀ ni mo ti ń ka Bíbélì báyìí, nítorí ojú mi kò gba lẹ́tà wínníwínní mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì CMS, gbé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni ó bí Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Ìfọ́lé ọdún 1867, tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò nílùú, ni ó pa á lẹ́nu mọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ oníwàásù tí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kígbe pé ẹ̀rọ ni yóò ba ayé jẹ́, ẹ̀rín a máa pa mí.

Ọjọ́ kejì tí mo kọ́ wọn ní òwe náà, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sábà sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá àgbà mi ní òwe kẹwàá yẹn kì í ṣe òwe."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ará ibo ni ìyá àgbà rẹ̀. Ó ní ará Ìṣẹ́yìn ni wọ́n. Mo ní, "Ẹ̀hẹ́n, òwe Ìjẹ̀bú nìyẹn. Àwọn ará Òkè-Ògùn lè má mọ̀ ọ́n."

Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi ní irọ́ yẹn. Ẹ̀rọ kọ́ ni ó fún mi. Láti inú èmi fúnra mi ni ó ti jáde, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń kọ́ni ní gírámà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nítorí pé ó sọ òtítọ́. Mo ní kí ó dìde, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ tí ó kàn mí láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wà nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹfà. Ẹ mọ ìtàn náà: àwọn ọmọ wòlíì ń gé igi létí odò Jọ́dánì, irin àáké ọ̀kan nínú wọn sì bọ́ sómi. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, iṣẹ́ ìyanu ni mo máa ń dúró lé lórí, bí irin ṣe léfòó bí ewé. Ní ọjọ́ yẹn, ohun mìíràn ni ó mú mi lọ́rùn. Bí irin ti bọ́ tán, igbe àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà ké ni pé àáké àyálò ni. Kò dúró kí wọ́n tó bi í. Èlíṣà bi í pé ibo ni ó bọ́ sí, ó sì fi ibẹ̀ hàn án. Kò sọ fún wòlíì pé irin náà lọ sí Ìjẹ̀bú.

Mo parí ẹ̀kọ́, a kọrin, a gbàdúrà. N kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin SS2 wọ ìdíje àròkọ kan láàrin àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ yìí mọ̀wé, bàbá rẹ̀ sì ti ra kámíṣọ́ọ̀lù tuntun fún un nítorí ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà, ó mú un wá bá mi. Ó ti fi òwe kẹwàá bẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀. Adájọ́ fi bírò pupa yí i ká, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: òwe wo nìyí? Ọmọ náà wí fún mi pé, "Bóyá mi ò dà á kọ dáadáa ni, mà." Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka tọ ohun tí mo kọ sójú pátákó lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń wá àṣìṣe tirẹ̀.

Mo bá ara mi nínú yàrá àwọn olùkọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sì wá sí mi lẹ́nu ni pé Èṣù ni ó tì mí. Ìkejì ni pé ẹ̀rọ ni ó tàn mí. (Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ Yorùbá, mo mọ̀ pé Èṣù inú ẹsẹ Ifá kì í ṣe Sátánì, àti pé orúkọ tí àwọn olùtúmọ̀ Bíbélì yàn yẹn ti fa àríyànjiyàn púpọ̀. Ọjọ́ mìíràn ni ti ìyẹn.) Bí mo ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni mo rántí ibi tí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn tí ó bí mi nínú.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún 2008, katapílà kan tí ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà ní Ìjẹ̀gùn yìí fi irin rẹ̀ gún ọ̀pá epo tí ó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Epo tú jáde, iná sì ràn. Ilé ẹ̀kọ́ wà nítòsí ibẹ̀. Àwọn ìròyìn ìgbà náà gbé e pé àwọn tí ó kú tó ọgọ́rùn-ún. Mo ń kọ́ni ní apá mìíràn ní Alimọṣọ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní agbègbè wa tí kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e. Níbi tí mo wà, àdúrà tí a gbà ni pé kí Ọlọ́run de Èṣù tí ń fa jàǹbá. Lẹ́yìn ìsìn, bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti ṣe mẹkáníìkì rí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ọ̀pá yẹn ti wà níbẹ̀ kí katapílà tó dé, ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ kí irin tó wọ ibẹ̀? Àwọn kan ní kò ní ìgbàgbọ́. Mo rántí pé mo gbè é lẹ́yìn, mo sì sọ̀rọ̀ gan-an lọ́jọ́ náà.

N kò fi òwe irọ́ kan wé ẹ̀mí ènìyàn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ tèmi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì tẹ irin wọ ibẹ̀. Ẹni tí kò rí i rárá ṣì lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí ọjà Ìkòtún níbi tí ìyá àgbà ọmọbìnrin náà ti ń ta èlùbọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ dìde o, ẹ káàbọ̀." Wọ́n fún mi ní àpótí jókòó. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ fún wọn kò burú," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n òwe kọ́. Ta ló pa á?"

Mo ní, "Fóònù ló pa á, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èlùbọ́ fi dà sílẹ̀ nínú kóńgò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wí fún mi pé ìrókò kan wà lẹ́yìnkùlé bàbá wọn ní Ìṣẹ́yìn, gbòǹgbò rẹ̀ jinlẹ̀, ìjì sì wó o. "Ẹni tí ó bá mọ igi kò jẹ́ pa irú òwe yẹn." Wọ́n wọn èlùbọ́ fún oníbàárà kan, wọ́n sì yíjú padà sí mi: "Ti igi tí àwa mọ̀ ni pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá."

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní òwe yìí. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ bí a ṣe hun ún. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ àdúrà: igi gogoro, má gùn mí lójú. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Apá kejì kò gbàdúrà mọ́; iṣẹ́ ni ó gbé lé ẹni tí ó gbàdúrà lọ́wọ́, pé kí ó la ojú rẹ̀ láti òkèèrè. Òwe kan náà ni, ẹnu kan náà ni ó sọ ọ́, kò sì sí "ṣùgbọ́n" láàrin méjèèjì. Ẹ sì wo bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti kéré tó: igi kan, ojú kan. Ti fóònù mi fẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú, kò sí ibi tí ó ti lè gún ènìyàn.

Nígbà tí mo délé, Samuel Àjàyí Crowther ni mo ń rò. Ọmọ Òṣoogùn ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ jáde ní 1843, ó sì tún jáde pẹ̀lú àfikún ní 1852. Kò dúró síbẹ̀. Ó ń tẹ́tí sí àwọn àgbà, àti Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà, nítorí ó mọ̀ pé èdè tí òun fẹ́ fi túmọ̀ Bíbélì kò sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Ní àwọn ọdún 1860, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, ó sì jó àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń ṣà jọ fún ọdún mọ́kànlá. Àdánù yìí ni ó ka sí èyí tí ó tóbi jù lọ nínú ohun tí iná náà jẹ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Bíbélì Yorùbá, tí òun àti àwọn mìíràn jọ ṣiṣẹ́ lé lórí, parí ní 1884. Crowther náà lo ẹ̀rọ o. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni ó fi ṣa òwe kí ẹ̀rọ tó fọwọ́ kàn án. Èmi kò lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Iná jó tirẹ̀, ó dùn ún. Tèmi ni ó yẹ kí iná jó.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ kíláàsì SS2 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn sí òwe kẹwàá, kí wọ́n sì fi bírò pupa fagi lé e. Mo sọ bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Mo sọ pé kì í ṣe òwe Ìjẹ̀bú, àti pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Ní kíláàsì ọmọbìnrin yẹn, mo pè é síwájú, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ó tún fẹ́ kúnlẹ̀, mo dì í mú. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, àfi ọmọkùnrin kan lẹ́yìn tí ó bèèrè pé, "Mà, mẹ́sàn-án yòókù ńkọ́?"

Ìbéèrè náà tọ̀nà. Mo ní kí wọ́n gbé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ sílé, kí olúkúlùkù bi àgbàlagbà kan léèrè, kí ó sì kọ orúkọ ìlú àgbàlagbà náà sí ẹ̀gbẹ́ òwe.

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn olùdarí ìdíje àròkọ náà pé èmi ni mo kọ́ ọmọ náà ní àṣìṣe. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Máàkì rẹ̀ kò yí padà.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi méjì bá mi wí. Wọ́n ní mo ti fi ọwọ́ ara mi já ara mi sílẹ̀, àti pé ọmọ tí ó bá ti gbọ́ pé tíṣà parọ́ kò ní gba tíṣà gbọ́ mọ́. N kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Sáà yẹn kò rọrùn. Ohun gbogbo tí mo bá kọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ọmọ kan dúró pé àmì ohùn tí mo fi sórí ọ̀rọ̀ kan kò tọ̀nà, a sì jiyàn títí agogo fi lù. Òun ni kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè kí ó tó wá.

Mo ṣì ń lo ẹ̀rọ náà. Ó ń bá mi to máàkì, ó ń bá mi kọ lẹ́tà sí àwọn òbí, ó sì ń rán mi létí ohun tí mo gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ojú ewé nóòtì mi, níbikíbi tí ó bá ti bá mi ṣiṣẹ́, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀: àyálò. Igbákejì ọ̀gá àgbà bi mí ní ìgbà àkọ́kọ́ pé kí ni ìyẹn. Mo ṣàlàyé. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Àwọn ọmọ náà ń bá ìwé òwe wọn lọ títí wọ́n fi jáde. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán àkọ́kọ́ ti di mẹ́tàlélógójì, láti Ìṣẹ́yìn, Ìkìrun, Ìlárá, Òde-Rẹ́mọ àti Kétu lọ́hùn-ún ní Benin. Méjì ṣì wà níbẹ̀ tí ìyá àgbà kan ní òwe ni, tí ìyá àgbà mìíràn ní rárá. Mo ti fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo sì ti sọ fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́ pé mo ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.